Tsuma, Nahodha Orí Iyanrìn

Ní gbogbo etíkun Watamu, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó ti Tsuma Mwaringa. Kí àlejò tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tán, Tsuma á ti dúró tì í. Á kọ́kọ́ fi èdè Ítálì kí i. Bí onítọ̀hún kò bá dáhùn, á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá wá jẹ́ èèyàn Nairobi ni, á fi Swahili tó dùn bí oyin kí i, á sì bi í bóyá ó ti fa ẹja tó wúwo ju ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ rí. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín, ó ti há nìyẹn.

Ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju agboòrùn aláwọ̀ búlúù kan àti àga ọ̀rá méjì, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: Ọkọ̀ Ìpẹja Agbami Òkun, Tìrẹ Nìkan, Ìdajì Ọjọ́. Ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Athman Famau, ọmọ ẹ̀yà Bajuni tí irun rẹ̀ ti funfun, ló ni ín, òun náà ló sì ń wà á. Tsuma kàn ń bá a wá oníbàárà ni, kí ó lè rí díẹ̀ gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé Famau ni ọmọọ̀ṣẹ́. Fìlà funfun tó ní àwòrán ìdákọ̀ró níwájú ló máa ń dé, ó sì ti sọ ara rẹ̀ ní Nahodha, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá awakọ̀ òkun.

"Èmi tí ẹ ń wò yìí," á máa sọ fún wọn, "inú òkun ni wọ́n sọ ìwọ́ mi sí. Ìgbì kò tíì dìde ní erékùṣù Pemba tí etí mi á ti máa hó. Ṣé ẹ mọ sulisuli, ẹja tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà bí ìgbòkun? Bó bá ti gbúròó ohùn mi báyìí, ó ń bọ̀ nìyẹn!"

Irọ́ funfun báláú. Ganze ni wọ́n bí Tsuma sí, nínú ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún, níbi tí omi kò ti tó ewúrẹ́ mu. Lẹ́yìn oko àgbàdo tí kò so ni ìwọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé etíkun, òdòdó ló ń bomi rin nílé ìtura kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àlejò lè máa wo ẹja inú ọ̀sà, níbi tí omi kò ti kọjá àyà àgbàlagbà. Ó bì sórí gíláàsì náà. Àwọn àlejò kò rí ẹja mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti bura pé omi tó bá ti ju inú garawa ìwẹ̀ lọ, kò kan òun.

Ẹ má bi mí pé báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń ta òkun. Ṣé ẹ ò rí àwọn tó ń ta oògùn irun lọ́jà ni, bí orí wọn ṣe ń dán?

Àwọn awakọ̀ kúkú mọ̀ pé kì í wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Bí mo bá bá yín lọ, ta ló máa mójú tó ọ́fíìsì?" Á wá fọwọ́ pa igi agboòrùn náà lára bí ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta.

Kadzo ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jiyàn. Òun ń dín mahamri, tó dà bíi pọ́fù-pọ́fù, ní tirẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tó já sí etíkun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura á ti yí i ká, wọ́n á máa fi mahamri gbígbóná kó ẹ̀wà tó fi omi àgbọn sè. Owó mahamri ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Owó Tsuma ló ń ra fìlà.

Ìgbà tí kaskazi, atẹ́gùn tó ń ti àríwá wá, ń fẹ́ ni Màmá Nkirote dé láti Meru. Obìnrin yìí ti pẹ́ gan-an nídìí iṣẹ́ alábòójútó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń sùn nílé ìwé kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ní kó lọ sinmi létíkun. Kò kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Kò pẹ́ tó fi ń tẹ́ ibùsùn ilé ìtura fúnra rẹ̀, ó sì ti bá ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ wí pé kò gbá abẹ́ àga. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa bá wí mọ́, ó bọ́ sí etíkun tòun ti bàtà àti ìbọ̀sẹ̀.

"Màmá mi! Màmá mi àtàtà!" Tsuma ti dé. "Ẹ ti fa ẹja rí?"

"Mo ti fa ọmọbìnrin kan bọ́ lójú fèrèsé rí," ni Màmá Nkirote dá a lóhùn. "Ó fẹ́ sá lọ bá ọkùnrin. Ṣé ẹja wúwo jù ú lọ?"

"Ó wúwo jù ú lọ dáadáa, Màmá. Kì í sì í sunkún."

Màmá Nkirote jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga ọ̀rá náà, ó gbé báàgì lé itan. "Ó dáa. Sọ tẹnu rẹ. Mò ń gbọ́."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún yìí. Tsuma la ẹnu. Ó sọ̀rọ̀ ìgbì, ó sọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ó sọ̀rọ̀ ẹja kan tó fa òun yípo erékùṣù. Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

"Tiyín nìkan ni, Màmá. Ẹnikẹ́ni kò ní bá yín dù ú. Ibi tí ẹ bá ní kó lọ ló máa lọ, ìgbà tí ẹ bá ní kó padà ló máa padà. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọrin. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sùn. Ìdajì ọjọ́ péré, ẹ ti dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná."

"Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o."

"Kí lẹ fẹ́ fi ìwẹ̀ ṣe? Ṣé èmi kọ́ ni wọ́n sọ ìwọ́ mi sínú ibẹ̀?"

Màmá Nkirote ṣí báàgì rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí owó kó tó dúró. "Ta ló ń wà á?"

"Ọmọọ̀ṣẹ́ mi kan. Famau ni wọ́n ń pè é."

"Mi ò mọ Famau. Ìwọ tó o bá mi sọ̀rọ̀ ni mo mọ̀. A jọ ń lọ ni."

Tsuma rẹ́rìn-ín. Màmá Nkirote kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé ẹ rí i, ọ́fíìsì..."

Màmá wo agboòrùn, ó wo àga ọ̀rá kejì. "Ká a, kó o gbé e sábíyá. Ọkùnrin kan ta màlúù fún mi nígbà kan, mo ní kó fún wàrà rẹ̀ kó mu ún lójú mi kí n tó sanwó. Bí o kò bá lọ, èmi náà ò lọ."

Famau wà nítòsí níbẹ̀, ó ń wẹ okùn. Ó lè gbà á sílẹ̀ bó bá fẹ́. Ó kàn lè sọ pé ọkọ̀ kò gba èèyàn púpọ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ "ọmọọ̀ṣẹ́ mi kan". Ó gbójú sókè, ó ní, "Òótọ́ ni Màmá sọ. Nahodha wa gbọ́dọ̀ bá wa lọ. Òkun ti ń béèrè rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, Tsuma jókòó ti ìdí agbada ìyàwó rẹ̀, ó ń jẹ mahamri bí ẹni tí wọ́n ń sáré lé. Ẹnì kan ló sọ fún un pé ikùn tó bá kún kì í rú lójú omi.

"Bàbá Sidi," ni Kadzo fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "gbogbo èyí lo fẹ́ gbé wọ òkun?"

"Ìyá Sidi, ohun tó bá kún kì í mì."

"Garawa tó kún ńkọ́? Èmi mọ̀ pé òun ló máa ń dà."

Tsuma nawọ́ mú òmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó dúró síwájú, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó dé fìlà rẹ̀. Omi inú ọ̀sà tẹ́ bí awo. Ó ń nàka sí ìhín, ó ń nàka sí ọ̀hún, ó ń sọ orúkọ àpáta tí kò ní orúkọ. Nígbà tó rí i pé nǹkan kan kò ṣe òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá òkun àti òun ti parí ìjà. Ó tiẹ̀ ń múra láti kọrin.

Wọ́n dé ojú ibi tí àpáta iyùn abẹ́ omi ti là sí méjì kí ọkọ̀ lè kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀sà parí sí, ibẹ̀ ni agbami ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ọkọ̀ gòkè, ó tún bọ́ wálẹ̀ gbì. Fìlà fò lọ. Orin tí Tsuma fẹ́ kọ ti wà lọ́nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló gba ibẹ̀ jáde.

Kí n má fi àlàyé rẹ̀ bà yín nínú jẹ́. Ó bì títí ojú rẹ̀ fi yọ síta. Ó bì mahamri, ó bì ẹ̀wà, ó bì tíì. Nígbà tí kò sí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀, ó ń bì òfìfo. Ó dì mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó doríkodò sí omi.

Màmá Nkirote jókòó sórí àga ìpẹja láàárín ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Nǹkan kan kò ṣe é. Ó wo Tsuma lọ, ó wò ó bọ̀.

"Nahodha," ó pè é jẹ́jẹ́, "ṣé ìwọ́ rẹ lò ń wá nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

Shee, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń so ìjẹ mọ́ ìwọ̀ fún Famau, gbá ìdí ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín. Famau kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Shee fún Tsuma ní korobá kan kó máa bì sínú rẹ̀, nítorí pé èébì ń lé ẹja kúrò nídìí ìjẹ. Bí Tsuma ṣe gbórí sókè, ó rí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tín-ín-rín bí òwú. Ẹ̀rù gidi wá bà á. Ó rántí Ganze, bí erùpẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ́n tó sì dúró sójú kan. Kò fẹ́ kú síbi tí nǹkan gbogbo ti ń yí. Ó rá lọ bá Màmá.

"Màmá, atẹ́gùn ń yí padà o. Ó yẹ ká máa lọ sílé."

"Ta ló ni ọkọ̀ yìí lónìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ìgbà tí mo bá ní kó padà ńkọ́?"

"Ìgbà náà ló máa padà."

"O ṣeun. Mi ò tíì ní kó padà." Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu.

Ẹnu yìí ló wà tí ọ̀pá ìpẹja fi tẹ̀, tí okùn sì ń sáré jáde pẹ̀lú ariwo. Sulisuli ni! Ó fò sókè kúrò nínú omi, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kọ mànà, ẹnu rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀. Famau kígbe, Shee kígbe. Màmá Nkirote nìkan ni kò kígbe. Ó fi ẹsẹ̀ ti pátákó, ó di ọ̀pá mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà. Bí ẹja bá fà, á fi okùn sílẹ̀ fún un. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á tún fà á. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ká ọmọ mọ́ orí ògiri: "Níbo lò ń lọ? Mo ní níbo lò ń lọ láàárọ̀ yìí? Bọ̀ níbí!" Òógùn bò ó, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti tutù rinrin, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dì í mú. Nígbà tí ẹja náà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ojú rẹ̀ ńlá ń wò wọ́n.

Famau fi àmì kékeré há a lẹ́yìn, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá tún mú un, ó sì ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Màmá béèrè.

"Mo fẹ́ jẹ́ kó máa lọ ni, Màmá. Sulisuli, a kì í gbé e lọ sílé. Ńṣe la máa ń dá a padà."

"Padà síbo?"

"Sínú òkun."

"Ṣé inú òkun kọ́ ni mo ti fà á jáde ni? Mo sanwó, mo fi apá mi méjèèjì bá a jà, o wá ní kó máa relé lọ kí ìyàwó rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àlejò ń ṣe é, Màmá."

"Kí ni wọ́n wá ń mú lọ sílé?"

"Fọ́tò ni."

Màmá Nkirote wo òkun, ó wo Famau. "Ẹ̀yin èèyàn yìí ti rí àwọn olówó mú jẹ," ó ní. Ó jẹ́ kí wọ́n ya òun. Shee fi fóònù Màmá yà á lọ́pọ̀ ìgbà, Màmá pẹ̀lú ẹja, ẹja nìkan, Màmá nìkan. Nínú gbogbo fọ́tò náà, ìdí Tsuma wà lẹ́yìn wọn gbàgàdà níbi tó ti wólẹ̀ fún korobá. Ó dà bíi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú ẹja nguru kan tó ṣeé jẹ, Màmá gbé ẹsẹ̀ lé e pé kò sí ẹni tó máa dá èyí padà.

Ọ̀sán ni wọ́n gúnlẹ̀. Èèyàn méjì ló gbé Tsuma sọ̀kalẹ̀. Àwọn awakọ̀ yòókù ti pé jọ. Shee ti tẹ̀ wọ́n láago láti ojú omi.

"Nahodha, báwo lòkun? Ó rántí yín?"

"Ẹ bá a gbé korobá rẹ̀ o! Ẹrù ọ̀gá ni!"

Níbí yìí ni Tsuma ti ṣe ohun tó ju gbogbo irọ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ. Ká ní ó dákẹ́ ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín tán lọ́jọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mahamri tí mo jẹ láàárọ̀ ni. Epo tí Ìyá Sidi fi dín in ti bàjẹ́. Ẹni tí kò lágbára tó mi ni, ì bá ti kú."

Kí ó tó fẹsẹ̀ rìn délé, ọ̀rọ̀ náà ti dé. Kadzo bu omi fún un, ó bu ògì fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó dín mahamri rẹ̀ bó ṣe máa ń dín in. Àwọn awakọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kí i láti òkèèrè, wọ́n sì ń yà lọ ra búrẹ́dì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura ní àwọn ti jẹun nílé. Oòrùn yọ, mahamri ṣì kún abọ́.

Kadzo fi aṣọ bo abọ́ náà, ó gbé e rù.

Tsuma wà lábẹ́ agboòrùn, ara rẹ̀ ti le díẹ̀. Tọkọtaya kan tó wá láti Nakuru jókòó síwájú rẹ̀, ó ń sọ fún wọn bí ọwọ́ òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já lánàá lórí sulisuli kan. Ó rí ìyàwó rẹ̀ lókèèrè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Bàbá Sidi, ẹ káàárọ̀ o." Kadzo kúnlẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba Tsuma lẹ́rù jù.

"Ìyá Sidi, ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Mo gbọ́ pé mahamri mi ń pa èèyàn. Mo ní kí n gbé ìyókù wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn mí."

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Ṣé ilé lẹ ti sọ ọ́?"

Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ. Famau fi okùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró. Kadzo ṣí aṣọ lórí abọ́. "Ẹ máa jẹ ẹ́. Epo àná ni, agbada àná ni. Ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀, kò sí ìgbì."

Tsuma jẹ ọ̀kan. Shee pariwo pé kí gbogbo ayé sún sẹ́yìn, gbogbo wọn sì fò sẹ́yìn bíi pé nǹkan fẹ́ bú. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó jẹ òmíràn. Ó ń jẹ ẹ́ tìtìjú-tìtìjú ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àná ni ikùn rẹ̀ ti ṣófo, mahamri náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọ̀, èròjà tí wọ́n fi sí i ń ta sánsán nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀hún kò lè ṣojú ayé. Nígbà tó yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ béèrè ẹ̀wà.

"Ẹ̀yin ará," ni Kadzo wí, "ṣé ó bì?"

"Kò bì o!"

"Kí ló wá ṣe é lánàá?"

Tsuma sọ̀rọ̀ sínú mahamri tó kún ẹnu rẹ̀.

"Wọn ò gbọ́ yín, Bàbá Sidi. Ẹ̀yin kì í kúkú sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Mo ní òkun ni!" Tsuma kígbe. "Òkun ni! Kò gbà mí. Kò gbà mí rí! Ganze ni wọ́n ti bí mi!"

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin Nakuru náà kó mahamri sínú ìwé, ọkọ rẹ̀ sì béèrè lọ́wọ́ Shee pé ta gan-an ló ń wa ọkọ̀. Wọ́n nàka sí Famau. Tọkọtaya náà dìde, wọ́n kọjá níwájú agboòrùn, wọ́n lọ bá a. Àwọn awakọ̀ tó sá fún mahamri láàárọ̀ wá ń dù ú. Abọ́ gbẹ. Kadzo gbọn aṣọ rẹ̀, ó kí ọkọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Tsuma nìkan ló kù sórí àga. Ojú tì í, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó títí omi fi wá dé ìdí agboòrùn, kò sì kí ẹnikẹ́ni tó kọjá, àní àwọn tó bọ́ bàtà.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ Famau fún ìdajì ọjọ́, ìdí agbada Kadzo ló ń lọ. Kì í bá wọn purọ́. Á ní, "Èmi ò wọ òkun rí, kò sì wù mí. Famau ló mọ ọ̀nà. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ má jẹ púpọ̀." Màmá Nkirote fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ní Meru. Mo gbọ́ pé ẹni tó ni ìdí tó wà lẹ́yìn Màmá nínú fọ́tò náà ni wọ́n ń béèrè jù, wọn kò béèrè ẹja.

Tsuma ńkọ́? Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ọjọ́ lọ. Ó ti gbé agboòrùn lọ sí ẹ̀bá títì, lọ́nà igbó Arabuko, ó sì ti kọ pátákó tuntun pé òun ń mú àlejò lọ wo erin. Ó ní àgbà erin tó wà níbẹ̀ mọ òórùn òun, pé bí òun bá fọn fèrè, á yọjú. Kò tíì rí erin sójú rí, àfi èyí tó wà lára àpò sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Kadzo, ó yí mahamri inú epo padà.

"Wọ́n á ní kó bá àwọn lọ," ó ní.